Odidi Ọ̀rọ̀ ni Ẹ̀rọ Ń Fẹ́: Èrò lórí Kíkọ Àpèjúwe Irinṣẹ́ fún Ẹ̀rọ-Òjíṣẹ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí wà lára àwọn òwe tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ìlò èdè kò mọ sí ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu nìkan. Olùgbọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ti ń sọ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ó tó lè fi èyí tí a kò sọ kún èyí tí a sọ. Ṣùgbọ́n olùgbọ́ tuntun kan ti dé sí àárín wa báyìí tí òwe yìí kò bá mu. Olùgbọ́ náà ni ẹ̀rọ AI tí a ń rán níṣẹ́. Bí a bá sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, yóò sọ ọ́ di odidi lóòótọ́, ṣùgbọ́n odidi náà lè má jẹ́ èyí tí ó wà lọ́kàn wa.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Kíkọ àpèjúwe tí ó yéni yékéyéké fún àwọn irinṣẹ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò jẹ́ iṣẹ́ èdè kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwa tí a ń kọ́ni ní èdè sì ní ipa tí a gbọ́dọ̀ kó níbẹ̀. Bí a bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wa, orúkọ wa, ọjọ́ wa àti owó wa ni àṣìṣe rẹ̀ yóò dé bá.

Ẹ̀rọ-Òjíṣẹ́ àti Irinṣẹ́ Rẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Láti ìparí ọdún 2022, nígbà tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn lè bá fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n sọ. Ó lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò lè fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, OpenAI la ọ̀nà kan sílẹ̀ kí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè máa fún ẹ̀rọ náà ní irinṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà sì ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà kan jáde tí ó ń jẹ́ Model Context Protocol, kí irinṣẹ́ kan náà lè ṣeé lò fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó bá ti ní irinṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, tí ó ń fúnra rẹ̀ yan èyí tí yóò lò àti ìgbà tí yóò lò ó títí iṣẹ́ tí a rán an yóò fi parí, ni àwọn Òyìnbó ń pè ní "AI agent". A ó máa pè é ní ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé iṣẹ́ ni a ń rán an, iṣẹ́ náà ni ó sì ń jẹ́.

Kí wá ni irinṣẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe àdá, kì í sì í ṣe ọkọ́. Ètò kọ̀ǹpútà kékeré ni, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Ọ̀kan lè máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn lè máa wá máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nínú àkọsílẹ̀, òmíràn sì lè máa gba owó ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún àlàyé wa ni pé ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ kì í sábà rí inú irinṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta ni a ń fi hàn án: orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ geere, àti àkójọ àwọn ohun tí irinṣẹ́ náà ń béèrè kí ó tó lè ṣiṣẹ́. A ó pe àwọn ohun wọ̀nyí ní èròjà, bí ẹni tí yóò se ọbẹ̀ ti ń kó èròjà jọ. Nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ yóò ti mọ irinṣẹ́ tí ó yẹ kí ó mú, èròjà tí ó yẹ kí ó fún un, àti ohun tí ó yẹ kí ó retí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ́, iṣẹ́ náà yóò wọ́.

Ìdí Tí Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Fi Tó

Kí ló dé tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ fi ń tó ọmọlúwàbí? Bí ìyá kan bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Lọ gba nǹkan yẹn wá lọ́wọ́ Ìyá Alákàrà," ọmọ náà kò ní béèrè ohun tí "nǹkan yẹn" jẹ́. Ó mọ̀ pé abọ́ tí wọ́n gbé lọ lánàá ni. Nínú gbogbo alákàrà tí ó wà ládùúgbò, ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń wí. Ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kí i kí òun tó jíṣẹ́. Ilé ni ó fi gbogbo èyí kọ́ ọ, kò sì sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí ìyá náà fi ẹnu sọ. Àrokò pàápàá kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹyọ owó àti ìyẹ́ tí ọba kan dì ránṣẹ́ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ lójú ẹni tí kò mọ àdéhùn tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Àdéhùn yìí gan-an ni kò sí láàárín àwa àti ẹ̀rọ-òjíṣẹ́. Lóòótọ́, wọ́n ti fi ìwé tí ó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní kọ́ ọ, ó sì mọ ohun púpọ̀ nípa ayé. Ṣùgbọ́n kò mọ ilé wa. Ohun tí a kò kọ fún un nípa ọ́fíìsì wa, kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà mọ̀ ọ́n. Ó tún ku ibì kan. Ọmọ tí kò bá mọ Ìyá Alákàrà yóò padà wá béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ lè béèrè nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni í máa ń fi ohun tí ó jọ òótọ́ dí àlàfo ọ̀rọ̀, tí yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan lè fi òwe dá wa lóhùn pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n lè ní ẹ̀rọ tí ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán dáadáa. Ìdáhùn wa ni pé fífi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ gba pé kí òjíṣẹ́ mọ ohun tí yóò dùn mọ́ ẹni tí ó rán an àti ohun tí yóò bà á nínú jẹ́. Ọmọ mọ èyí nítorí pé ó jẹ́ ọmọ. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ Kan láti Ọ́fíìsì Ìdánwò

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ iṣẹ́ wa. Ká ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ tí ó ń ran ọ́fíìsì ìdánwò lọ́wọ́, tí wọ́n sì fún un ní irinṣẹ́ tí ó ń wá máàkì. Ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́ náà lè júwe rẹ̀ báyìí:

"Irinṣẹ́ yìí ń wá èsì akẹ́kọ̀ọ́."

Kò sí àléébù nínú gbólóhùn yìí ní ti gírámà. Olùwà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà, àbọ̀ náà wà. Kò sí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà tí kò ní yé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè bí àlejò. Èsì wo ni? Ṣé ti iṣẹ́ àárín sáà ni, ti ìdánwò ìparí sáà ni, àbí àpapọ̀ méjèèjì? Sáà wo ni? Ṣé orúkọ ni a ó fi wá akẹ́kọ̀ọ́ náà ni àbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀? Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà ńkọ́? Bí èsì kò bá tíì jáde, kí ni irinṣẹ́ yóò mú wá, ṣé òdo ni àbí òfìfo? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí irinṣẹ́ bá ń mú òdo wá fún èsì tí kò tíì jáde, tí àpèjúwe rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ lè kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ pé òdo ni ó gbà nínú iṣẹ́ tí olùkọ́ kò tíì fi máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò sunkún lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ yóò sì gbọ́.

Ẹ wá wo àpèjúwe kejì fún irinṣẹ́ kan náà:

"Irinṣẹ́ yìí ń wá àpapọ̀ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú iṣẹ́ kan fún sáà kan. Lò ó nígbà tí ẹnìkan bá béèrè èsì tí ìgbìmọ̀ ìdánwò ti fọwọ́ sí. Má ṣe lò ó fún máàkì iṣẹ́ àárín sáà. Irinṣẹ́ mìíràn wà fún ìyẹn. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ni kí o fi wá akẹ́kọ̀ọ́. Má ṣe fi orúkọ wá a, nítorí pé ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Bí èsì kò bá tíì jáde, irinṣẹ́ yóò mú ọ̀rọ̀ náà 'kò tíì jáde' wá. Èyí kì í ṣe òdo. Irinṣẹ́ yìí kò lè yí máàkì padà."

Bí a bá fi méjèèjì wéra, a ó rí ohun márùn-ún tí ó wà nínú èkejì. Ó sọ iṣẹ́ tí irinṣẹ́ ń ṣe gan-an. Ó sọ ìgbà tí ó yẹ kí a lò ó. Ó sọ ìgbà tí kò yẹ, ó sì tọ́ka sí irinṣẹ́ mìíràn. Ó sọ bí èròjà ṣe gbọ́dọ̀ rí, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó sọ ohun tí a ó rí gbà àti ibi tí agbára irinṣẹ́ náà pin sí. Ẹni tí ó bá kọ márààrún yìí dáadáa ti gba ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ lọ́wọ́ ìméfò.

Nínú ìlànà tí Anthropic kọ fún àwọn tí ń lo ẹ̀rọ rẹ̀, ó sọ pé àpèjúwe kíkún ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ohun tí ń mú kí ẹ̀rọ lo irinṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí àpèjúwe má dín ní gbólóhùn mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà fi kún un pé kí ẹni tí ń kọ àpèjúwe máa rò ó bí ẹni pé òṣìṣẹ́ tuntun ni òun ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún. Olùkọ́ èdè kò ní ṣàìmọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú oríṣi aroko tí a ń kọ́ni, orúkọ lè mú kí a rò pé aroko alápèjúwe ni iṣẹ́ yìí jọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aroko alápèjúwe a máa sọ bí nǹkan ṣe rí lójú. Ohun tí à ń wí yìí bá aroko oníṣípayá tan jù, nítorí pé ó ń tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò: ohun tí nǹkan ń ṣe, bí ó ṣe ń ṣe é, àti ohun tí kò lè ṣe.

Òṣùwọ̀n, Owó àti Ọjọ́

Ibi tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń ṣe ìjàm̀bá jù lọ ni ibi tí nọ́ńbà bá wà. Nọ́ńbà láìsí òṣùwọ̀n kò pé. Ìṣòro yìí ti wà kí ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ tó dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1998, àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Mars Climate Orbiter lọ sí Mars. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 ni ọkọ̀ náà ṣègbé. Ìwádìí fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà kan ń kọ agbára sílẹ̀ ní òṣùwọ̀n pọ́n-ùn ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ètò tí ó ń gbà á sì ń kà á bí òṣùwọ̀n newton. Nọ́ńbà náà dé ibi tí ó ń lọ láìyingin, ṣùgbọ́n orúkọ òṣùwọ̀n rẹ̀ kò bá a dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wálé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni a ti ń ná náírà àti kọ́bọ̀ ní Nàìjíríà, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sì ni náírà kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọdé kò rí kọ́bọ̀ sójú rí. Síbẹ̀, nínú ètò ìsanwó Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, kọ́bọ̀ ni a fi ń kọ iye owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà gbọ́dọ̀ kọ 500000. Bí àpèjúwe irinṣẹ́ bá sọ pé "iye owó" nìkan, ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ yóò ṣe ohun tí ọmọ Nàìjíríà èyíkéyìí yóò ṣe: yóò kọ 5000, àádọ́ta náírà péré ni yóò sì wọlé. Gbólóhùn kan ṣoṣo, "kọ́bọ̀ ni kí o fi kọ ọ́, má ṣe fi náírà kọ ọ́," ni yóò dènà àdánù náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Bí a bá kọ 03/04/2025, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni lójú wa. Lójú ará Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Àpèjúwe gbọ́dọ̀ sọ pé ọdún ni yóò ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn, kí ó sì fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn: 2025-04-03. Àṣà ìṣirò tiwa náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí àgbà bá sọ lónìí ọjọ́ Ajé pé ọrún ni ọjà tí ń bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni ó ń wí, nítorí pé òní wà nínú márùn-ún tí ó kà. Kàlẹ́ńdà kọ̀ǹpútà kì í ka òní. Bí a bá ní kí ó fi ọjọ́ márùn-ún kún ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò bọ́ sí, ọjà yóò sì ti tú. Àwa tí a mọ̀ pé ọ̀nà ìkàye méjì ni ó wà ni a lè kọ ọ́ sínú àpèjúwe. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ ọ́.

Orúkọ Irinṣẹ́ àti Àmì Ohùn

Ohun kan wà tí ó kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n níbi iṣẹ́ yìí. Lọ́dọ̀ OpenAI àti Anthropic, orúkọ irinṣẹ́ kò gba lẹ́tà tí ó kọjá a dé z, nọ́ńbà, àti ìlà kékeré tí a fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. Kò sí àyè fún ẹ, ọ tàbí ṣ, kò sì sí àyè fún àmì ohùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ irinṣẹ́ lórúkọ yóò rí ara rẹ̀ tí ó ń kọ "owo". Kí ni "owo"? Owó tí a ń ná ni àbí òwò tí a ń ṣe? Ọwọ́ ara ni, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ni, àbí ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà? Àbí ìlú Ọ̀wọ̀ ni? Gbogbo wọn ti di ọ̀kan náà. Nítorí náà, gbogbo ẹrù ìtumọ̀ tí orúkọ kò lè rù, orí àpèjúwe ni yóò bọ́ sí. A lè kọ àmì ohùn sínú àpèjúwe, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ pérépéré.

Àkọtọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Láti ọdún 1974 ni a ti ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn àti ti ìlú ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ lónírúurú ọ̀nà. A rí Òṣogbo, a rí Osogbo, a sì rí Oshogbo. A rí Ṣọlá, Sola àti Shola. Irinṣẹ́ tí ó bá ń wá orúkọ nínú rẹ́jísítà gbọ́dọ̀ sọ nínú àpèjúwe rẹ̀ bóyá ó ka àwọn wọ̀nyí sí ọ̀kan náà tàbí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé lẹ́tà bí ọ̀ lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa yóò rí i bí ọ̀kan náà, irinṣẹ́ kan sì lè kà á sí lẹ́tà méjì tí kò bára tan. Bí irinṣẹ́ bá sọ pé òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí àpèjúwe kò sì kìlọ̀ nípa èyí, ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ yóò sọ fún ọmọ tí ó ti san owó, tí ó sì ti forúkọ sílẹ̀, pé kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Àpèjúwe Jẹ́ Àṣẹ Pẹ̀lú

Ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ inú àpèjúwe ṣe ìmọ̀ lásán. A tún máa tẹ̀ lé e. Ibi tí àǹfààní rẹ̀ wà náà ni ewu rẹ̀ wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Invariant Labs, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ààbò ẹ̀rọ AI, fi hàn pé oníṣẹ́ ibi lè fi àṣẹ pamọ́ sínú àpèjúwe irinṣẹ́. Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ náà lè má rí ọ̀rọ̀ náà rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò kà á, ó sì lè tìtorí rẹ̀ kó àṣírí ènìyàn jáde. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé kíkọ nìkan kò tó. A nílò àwọn tí ó lè ka àpèjúwe ní àkàyé, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n sì béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbẹ̀.

Àtakò Mẹ́ta

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni èyí, kí olùkọ́ Yorùbá gbájú mọ́ oríkì àti ewì. A kò sọ pé kí a fi oríkì sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé onímọ̀ kọ̀ǹpútà mọ inú irinṣẹ́ rẹ̀ jù débi pé kì í rí ohun tí kò yé àlejò. Ojú àlejò yìí ni a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti máa wo aroko wọn.

Àtakò kejì ni pé bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù, ẹrù ni fún ẹ̀rọ, nítorí pé ó ń ka àpèjúwe gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, owó sì ni kíkà náà ń ná ẹni tí ó ni ín. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ṣùgbọ́n odidi ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ gígùn. Àpèjúwe kejì tí a kọ sókè kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, kò sì sí èyí tí a lè yọ nínú rẹ̀ tí kò ní fi àlàfo sílẹ̀. Mímọ èyí tí a ó yọ àti èyí tí a ó fi sílẹ̀ ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé.

Àtakò kẹta ni pé ẹ̀rọ ń gbọ́n sí i lójoojúmọ́, pé láìpẹ́ kò ní nílò àlàyé mọ́. Ọgbọ́n kò lè fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ hàn án. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó gbọ́n jù lọ ní àgbáyé, bí ó bá wọ ọ́fíìsì ìdánwò wa lónìí, yóò ṣì béèrè bóyá òdo túmọ̀ sí pé ọmọ kùnà tàbí pé èsì kò tíì jáde.

Ojúṣe Àwa Olùkọ́

A dá àbá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí a sọ kíkọ àpèjúwe irinṣẹ́ di iṣẹ́ ṣíṣe nínú ẹ̀kọ́ aroko. Kò gba iná mànàmáná, kò sì gba kọ̀ǹpútà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ àpèjúwe iṣẹ́ kan tí ó mọ̀ dunjú, bíi mímú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà bí a ti kọ ọ́ gan-an, láìfi ohunkóhun kún un. Ibi tí iṣẹ́ bá ti dàrú ni gbólóhùn ti kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wa ti ní ìpìlẹ̀ èyí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń múra láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, a kì í gbà kí wọ́n kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ "yóò mọ" fáwẹ̀lì. A máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ pé yóò lè pè é, yóò lè kọ ọ́, tàbí yóò lè tọ́ka sí i nínú ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lè fojú rí àmúṣẹ rẹ̀ ni a ń béèrè. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ni àpèjúwe irinṣẹ́ ń fẹ́.

Èkejì, kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Àwọn àgbà wa ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí wọ́n gbé ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, apá kìíní ní ọdún 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, apá kejì ní ọdún 1990 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Ìwé wọ̀nyẹn ni ó jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ni ní Yorùbá. Ẹ̀rọ-òjíṣẹ́, irinṣẹ́ àti èròjà tí a lò nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ àbá lásán. Bí ẹnìkan bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka wa àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jọ máa ṣiṣẹ́ níbi tí méjèèjì bá wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Kí wọ́n mú irinṣẹ́ wá, kí a mú ọ̀rọ̀ wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ-òjíṣẹ́ jẹ́ àti bí ó ti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni ó fi ń mọ irinṣẹ́ rẹ̀. A ti fi àpẹẹrẹ máàkì, owó, ọjọ́ àti orúkọ hàn pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó tó ọmọlúwàbí kò tó ẹ̀rọ. A sì ti sọ ohun tí olùkọ́ èdè lè ṣe sí i láti inú ìmọ̀ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ tí a kò sọ dáadáa lè mú kí ènìyàn ṣi ènìyàn gbọ́, kí wọ́n sì parí rẹ̀ lórí ìjókòó kan. Ẹ̀rọ tí ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ kò ní jókòó dúró de àlàyé. Yóò ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, yóò sì ti gba owó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ wa lè kọ odidi ọ̀rọ̀ fún irú òjíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wa ni ó wà.